Mo fẹ́ ṣe kéèkì ọpọ́n ayò fún àbúrò mi, mi ò dẹ̀ ní ófùnù

Àbíkẹ́_Òṣogbo, ọjọ́ Ajé

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Àbúrò mi ọkùnrin máa pé ọmọ ọdún 12 ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo dẹ̀ ti ṣèlérí fún un láti bí oṣù mẹ́ta pé lọ́dún yìí a ò ní ra kéèkì, èmi fúnra mi ni màá fọwọ́ ara mi ṣe é. Mo wá bi í pé irú kéèkì wo ló fẹ́, mo ti rò pé á ní bọ́ọ̀lù tàbí mọ́tò bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ló bá ní ọpọ́n ayò ni kí n ṣe fóun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọpọ́n ayò o! Ọ̀dọ̀ bàbá wa àgbà ló ti kọ́ ayò títa, láti ọmọ ọdún 6 ló ti máa ń jókòó síwájú bàbá lábẹ́ igi máńgòrò tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ní báyìí àwọn bàbá àdúgbò gan-an máa ń ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá àwọn ta. Bàbá ti lọ lọ́dún tó kọjá, ọpọ́n wọn wà nílé, ọmọ yẹn ni wọ́n dẹ̀ fi sílẹ̀ fún. Ẹ ti wá mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí kéèkì yìí bàjẹ́.

Ibi tó ti le rèé. Mi ò ní ófùnù, sítóófù gáàsì olójú méjì ni mo ní. Mo ti fi ìkòkò àti yanrìn ṣe kéèkì lẹ́ẹ̀kan rí, kékeré róbótó báyìí, ó dùn, àmọ́ ìdí ẹ̀ jó dúdú. Ìkòkò róbótó, ọpọ́n ayò dẹ̀ gùn gbọọrọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Ihò 12 yẹn ńkọ́, tí mo bá ń gbẹ́ ẹ ṣé kò ní máa rún mọ́ mi lọ́wọ́? Àwọn kan ní kí n lo fondant, ṣúgà pípò tí wọ́n máa ń tẹ́ bo kéèkì yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi, owó ẹ̀ náà ò dẹ̀ kéré. Ní ti ọmọ ayò, mo ń rò ó pé kí n kúkú fọ àwọn ọmọ ayò bàbá dáadáa kí n kó o sínú ẹ̀. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé Òṣogbo ni mo wà, Ìbàdàn ni ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá wa, bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú oòrùn yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó má dákẹ́ o.


Ìyá_Ìbejì_Oníkéèkì, ọjọ́ Ajé

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o ro ti àbúrò ẹ báyìí, Ọlọ́run á dá a sí fún yín, á sì fọ̀run kẹ́ bàbá. Fọkàn balẹ̀. Kéèkì yìí rọrùn ju ti bọ́ọ̀lù lọ, ojú ẹ̀ ni o ò tíì rí.

Má wá páànù gígùn kiri rárá. Páànù búrẹ́dì méjì ni kí o wá, èyí tó gùn ní íńṣì 9 tó fẹ̀ ní íńṣì 5, á wọ inú ìkòkò ńlá tí ẹ fi ń se ìrẹsì fún àlejò. Ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá tutù tán kí o forí kan orí wọn, ó ti di íńṣì 18 ní gígùn nìyẹn. Ihò 6 lórí èyí, 3 lápá ọ̀dọ̀ ẹ, 3 lápá ọ̀hún, 6 lórí ìkejì, ọpọ́n dé. Ó kúkú ní àwọn ọpọ́n kan tó máa ń ṣí tó máa ń pa dé láàárín, ojú ibi tí kéèkì méjèèjì ti pàdé á wá dà bí ojú ibi tí wọ́n ti kàn án pọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́.

Fondant yẹn, gbàgbé ẹ̀. Ooru wa yìí máa ń mú un làágùn, tí èèyàn ò bá dẹ̀ tíì mọwọ́ ẹ̀ á máa ya. Kòkó ni kí o fi ṣe kéèkì náà látòkè délẹ̀, àwọ̀ igi ti wà lára ẹ̀ láti inú wá nìyẹn, kódà tí o bá gbẹ́ ihò, inú ihò á dúdú bíi ti òde. Kòkó lílọ̀ gidi o, èyí tí kò ní ṣúgà, kì í ṣe Milo tàbí Bournvita, àwọn yẹn ní ṣúgà àti ọkà nínú, àwọ̀ ẹ̀ ò ní gùn tó bẹ́ẹ̀, kéèkì á dẹ̀ dùn jù.

Fún páànù kan: fùláwà 100 gíráàmù, kòkó 25 gíráàmù, bọ́tà 125 gíráàmù, ìyẹn ìdajì bọ́tà onígíráàmù 250 kan, ṣúgà 100 sí 120, ẹyin ńlá méjì, tó bá jẹ́ kékeré kó jẹ́ mẹ́ta, baking powder ṣíbí tíì kan, mílíìkì olómi ṣíbí ọbẹ̀ méjì, fàníílà díẹ̀. Tí o ò bá ní ìwọ̀n nílé, àwọn tó ń ta ohun èlò kéèkì lọ́jà ní ìwọ̀n, ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá méjì méjì fún ẹ, wọ́n máa ṣe é. Lu bọ́tà pẹ̀lú ṣúgà títí á fi funfun tí á fi wú, má ṣe kánjú níbẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀. Da ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì torí á já bíi wàrà, tó bá já pẹ́nrẹ́n fi fùláwà ṣíbí kan sí i, á padà bọ̀ sípò. Fùláwà àti kòkó ni kí o wá fi ṣíbí rò pọ̀ mọ́ ọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, má lù ú mọ́ o, tí o bá ń lù ú lẹ́yìn tí fùláwà ti wọlé kéèkì á le bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ búrẹ́dì àná.

Ìdí tó jó yẹn, iná ẹ ló pọ̀, páànù ẹ dẹ̀ jókòó sórí yanrìn tààrà. Yanrìn tó ti fọ̀ tó ti gbẹ ni kí o dà sínú ìkòkò, kó ga tó íńṣì méjì, to òkúta kéékèèké mẹ́ta sórí ẹ̀ bí ààrò, kí páànù lè jókòó lórí òkúta. Dé e, jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kí o tó gbé kéèkì sí i, lẹ́yìn náà rẹ iná sílẹ̀ débi tó kéré jù, má pa á o. Da aṣọ ìnura tó mọ́ bo ìdérí nísàlẹ̀, kí o di etí ẹ̀ sókè dáadáa kó má kan iná, aṣọ yẹn ló máa mu omi tí ooru bá gbé sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa kán sórí kéèkì. O ò gbọdọ̀ ṣí i wò fún ìṣẹ́jú 40! Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn fi igi ìgbálẹ̀ tuntun tó mọ́ gún un láàárín, tó bá jáde láìní kéèkì tútù lára, ó ti jinná. Tí kò bá tíì jinná dé e padà fún ìṣẹ́jú 10.


Bàbá_Ọ̀ta, ọjọ́ Ajé

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o, ẹni tó mọ ayò ta àti ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Ọmọ mi, ohun tí o kọ yìí dùn mọ́ mi nínú gan-an, ọmọ ọdún 12 tó ń ta ayò láyé tí gbogbo wọn ń tẹ fóònù yìí, ẹ bá mi kí i.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, má fi ọmọ ayò gidi sórí kéèkì, jọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fífọ̀. Kóró igi ẹlẹ́gùn-ún ni, ó le bí òkúta, kì í ṣe ohun jíjẹ, tí àwọn ọmọdé bá dẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n rí i nínú kéèkì wọ́n á rò pé mindin-mindin ni, ọmọ kan lè gé e jẹ kí eyín ẹ̀ kán, èyí tó kéré lè gbé e mì kó há a lọ́fun. Tọ́jú ti bàbá yín sínú àpò ẹ̀, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì lórí tábìlì, ìyẹn dáa.

Tún ṣọ́ iye ẹ̀ o, torí ọmọ yẹn máa kà á, mo fi dá ẹ lójú. Ilé 6, ìyẹn ihò 6, níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Mo ti rí àwòrán kéèkì ọpọ́n ayò tí wọ́n ṣe ilé 5 sí apá kan, wọ́n wá fọ́n ọmọ sí i bó ṣe wù wọ́n, ẹni tó bá mọ ayò kò ní gbádùn ẹ̀. Tí o bá fẹ́ kọ nǹkan sí etí ẹ̀, má kọ gbólóhùn gígùn, "Ọ̀ta" nìkan ti tó, òun fúnra ẹ̀ á mọ ohun tó túmọ̀ sí.


Ṣadé_Leeds, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbíkẹ́, mo ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbí nígbà tó pé 40, tèmi jẹ́ ti ìlù gángan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n gbígbẹ́ ẹ̀ ò yàtọ̀. Ohun àkọ́kọ́, má gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí o ṣe é. Kéèkì gbígbóná àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù máa ń rún. Wé e sínú ọ̀rá kó sùn mọ́jú, tí fíríìjì bá wà gbé e sí i, lọ́jọ́ kejì ara ẹ̀ á ti dì. Wá wá ìdérí ìgò kan tó fẹ̀ tó íńṣì méjì, tẹ̀ ẹ́ sórí kéèkì díẹ̀ kó fi àmì sílẹ̀, kí gbogbo ihò lè ṣe déédéé kí o tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o fi ọ̀bẹ kékeré tọ àmì yẹn, kí o wá fi ṣíbí tíì bù ú jáde. Má jẹ́ kó jìn ju ìdajì kéèkì lọ, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn.

Wàyí o, ohun tí o bá bù jáde, má jẹ ẹ́, má dà á nù. Rún un sínú abọ́, fi kírímù tàbí mílíìkì tó ki díẹ̀ pò ó títí á fi ṣe é mọ bí ẹ̀bà, kí o wá máa yí i ní kékeré kékeré láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ayò ẹ nìyẹn! Ohun tó jáde nínú ilé kan tó ọmọ 4 dáadáa, á tún ṣẹ́kù. Ohun tí o gbẹ́ kúrò nínú ilé náà ló ń padà sínú ilé. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lánàá ni èrò yẹn wá sí mi lọ́kàn, mi ò lè sùn títí mo fi rò ó tán. Yí wọn nínú icing sugar, ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná yẹn, tí o ti po kòkó bíńtín mọ́ kí àwọ̀ ẹ̀ lè rí eérú-eérú bíi ti ọmọ ayò gidi.

Tí ẹnikẹ́ni bá dẹ̀ ń ka èyí tó ní ófùnù, 170 lórí ìwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú 35 sí 40 á ti tó fún páànù tí kò kún.


Ọmọ_Bẹẹrẹ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí ló dé tí ẹ ń ṣe wàhálà báyìí lórí ọmọ ayò, ẹ ra pínọ́ọ̀tì bọ́gà ọ̀rá méjì, ó ti róbótó tẹ́lẹ̀, ẹ ka 48 sínú ẹ̀, ó parí.


Ìyá_Ìbejì_Oníkéèkì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Òótọ́ ni, ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ ò mọ ọmọ ta ló máa wá síbi ọjọ́ ìbí yẹn, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà kékeré máa ń dí èémí wọn. Tó bá jẹ́ pé pínọ́ọ̀tì bọ́gà ni Àbíkẹ́ máa lò, kí màmá wọn kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ tí wọ́n pè. Èmi fara mọ́ ti Ṣadé.


Àbíkẹ́_Òṣogbo, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ṣé, ẹ ṣé! Bàbá, mo ti dá ọmọ ayò padà sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé, ti ilé tó ń jẹ ohun tó jáde nínú ẹ̀ yẹn, mo pariwo nígbà tí mo kà á. Mo ti rí páànù búrẹ́dì méjèèjì rà. Ìbéèrè kan ló kù, ìkòkò ńlá kan ni mo ní, ṣé kí n po gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n pín in sí páànù méjèèjì, kí ìkejì máa dúró de èkíní? Ẹni tá a jọ ń gbélé sọ pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é.


Ìyá_Ìbejì_Oníkéèkì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ó máa ṣe é o. Baking powder bá ti pàdé omi, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lára afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé kéèkì sókè á ti lọ kí àyè tó dé kàn án. Wákàtí kan ti pọ̀ jù fún un. Ìkejì kò ní ga tó èkíní, tí o bá wá forí kan orí wọn, ọpọ́n ẹ á ní àkàsọ̀ láàárín. Ìdí tí mo ṣe ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n sọ́rà méjì nìyẹn. Po èkíní, gbé e kaná, tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kó jinná ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí po ìkejì. Tí ọ̀kan bá dẹ̀ wá ga ju èkejì tàbí tí orí ẹ̀ là, kò burú, ọ̀bẹ oléyín gígùn ni kí o fi gé orí méjèèjì kí wọ́n bára dọ́gba, ọpọ́n ayò kì í kúkú ní gegele lórí.


Ará_Mọ́kọ́lá, ọjọ́ Rú

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ti bọ́ọ̀sì torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo gbé kéèkì láti Èkó wá sí Ìbàdàn fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fi kírímù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láti ilé, òdòdó pupa òdòdó funfun, mo wá kó sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì márosẹ̀, ọkọ̀ tí mo wọ̀ kò ní ẹ̀rọ amútútù, kí n tó dé gbogbo kírímù ti yọ́ ṣàn sínú páálí. Mo sunkún lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n mo mọ bí mo ṣe ṣe é kó tó bàjẹ́, ó ń dùn mí dòní.

Torí náà Àbíkẹ́ jọ̀ọ́, má pa á pọ̀ ní Òṣogbo. Kéèkì méjì tí o ti gbẹ́ ihò sí, láìní kírímù kankan, wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá àti fọ́ìlì, to wọ́n sínú páálí tó ṣe wọ́n gẹ́ẹ́, fi pépà há àlàfo kó má máa yí. Orí ẹsẹ̀ ẹ ni kó wà, má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí bùútù. Ọmọ ayò kó wà nínú ike onídèérí. Kírímù ńkọ́, ìwọ má pò ó rárá, kó bọ́tà àti icing sugar àti kòkó dání, Ìbàdàn ni kí o ti pò ó láàárọ̀ Sátidé nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Bọ́tà 100 gíráàmù, icing sugar 150, kòkó ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, mílíìkì ìwọ̀nba, ó tó láti fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín àti láti fi kun orí àti ẹ̀gbẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí o bá ti kùn ún tán, fi fọ́ọ̀kì fà á lọ gbọọrọ láti orí dé ìdí, á dà bí ara pákó gan-an. Ge pákó tàbí páálí líle kan tó gùn ní íńṣì 20, fi fọ́ìlì wé e, òun lo máa gbé e lé.

Ọmọ ọdún 12 dẹ̀ ni, ilé 12. Àbẹ́là kan níwájú ilé kọ̀ọ̀kan!


Bàbá_Ọ̀ta, ọjọ́ Rú

Ará Mọ́kọ́lá, o káre. Ti àbẹ́là yẹn wọ̀ mí lọ́kàn.


Àbíkẹ́_Òṣogbo, ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀yin ìyá mi, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ́ o!

Kéèkì kìíní jáde dáadáa, ìdí ẹ̀ ò jó, òkúta mẹ́ta yẹn ṣiṣẹ́. Ìkejì là lórí torí mi ò rẹ iná sílẹ̀ tó, mo gé orí ẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ó bá èkíní dọ́gba. Ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ ò rẹwà púpọ̀ ṣùgbọ́n láti ìkẹrin lọ ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, ọmọ ayò dẹ̀ ni mo jókòó tì láti aago méje alẹ́ títí di ìdajì òru, 48, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá arúgbó kan tó jókòó tì mí bi mí pé kí ni mo gbé lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tuntun báyìí, nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn wọ́n gbàdúrà fún àbúrò mi láti ibẹ̀ títí a fi dé Ìwó Road.

Láàárọ̀ Sátidé mo po kírímù, mo fi fọ́ọ̀kì fà á, màmá wa wọlé wá wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ gbé ọpọ́n bàbá wá, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì. Ọpọ́n méjì. A tan àbẹ́là 12. Nígbà tí wọ́n pe àbúrò mi wọlé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ wo ti bàbá, ó wá wo tèmi, ó rìn yí tábìlì ká, kò tíì fẹ́ àbẹ́là o, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí Bàbá Ọ̀ta ṣe sọ gẹ́lẹ́! Ó dé ilé karùn-ún lápá ọ̀tún, ó ní, "Àǹtí mi, ilé yìí ò pé, mẹ́ta ló wà níbẹ̀." Àyà mi já. Ẹnu màmá wa ni a ti rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, wọ́n ní àwọn kàn tọ́ ọ wò láàárọ̀ ni. Mo ṣáà ní èyí tó ṣẹ́kù nínú ike, mo yí ọ̀kan kíá, mo fi sí i, ó wá fẹ́ àbẹ́là.

Kò jẹ́ ká gé e. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ta ọ̀pọ́n kan lórí ẹ̀. Òun àti màmá ni wọ́n ta á, àwọn ọmọ yòókù rọ̀gbà yí wọn ká, ọmọ tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá jẹ níwájú ẹnìkejì, ó jẹ ẹ́ sẹ́nu lóòótọ́. Màmá wa di ọ̀pẹ, wọn ò rí ju méje lọ jẹ. Mo ti yà á ní fọ́tò kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, màá fi í síbí tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dára díẹ̀.

Apá kan ló tán lánàá. Apá kejì wà nínú fíríìjì pẹ̀lú ilé 6 lórí ẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí òun á fi ti ilé-ìwé dé lọ́la.